Casals kọ̀ láti ta ṣẹ́lò nítorí ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀: ṣé ẹ rò pé ó tọ́?

Onídùùrù_Takié kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnìkan sọ níbí pé orin tí kò ní ìlù, tí èèyàn ò lè jó sí, orin àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Mi ò ní bá a jà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan tó fi irú orin bẹ́ẹ̀ jẹun láti ìgbà ọmọdé títí ó fi kú lẹ́ni ọdún 96, tí àwọn ológun ìlú rẹ̀ sì kórìíra rẹ̀ débi pé ọ̀gágun kan gba orí rédíò lọ, ó ní bí ọwọ́ àwọn bá tẹ̀ ẹ́, àwọn á gé apá rẹ̀.

Pablo Casals lorúkọ rẹ̀. Pau ni àwọn ará Catalonia tirẹ̀, ẹkùn kan ní Sípéènì, ń pè é. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1876 ni wọ́n bí i ní El Vendrell, ìlú kékeré kan lápá etíkun Sípéènì. Bàbá rẹ̀ ni onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà, òun náà ló ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Àwa tí wọ́n bí sílé onídùùrù ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ ilé yẹn kò ní ọ̀sán Sátidé tirẹ̀.

Ṣẹ́lò ló ń ta. Fún ẹni tí kò rí i rí: ẹ̀gbọ́n fáyólìn ni. Ó tóbi ju ohun tí èèyàn lè gbé sí èjìká lọ, nítorí náà ńṣe la máa ń jókòó, a ó fi orúnkún méjèèjì gbá a mú, irin kan á ti ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀. Okùn mẹ́rin ló ní, ọ̀pá tí wọ́n ta irun ẹṣin sí la sì fi ń fà á. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí báàsì inú akọrin ti ń kùn, ó sì ń gòkè dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń kọrin.

Ọmọdé ṣì ni Casals nígbà tí àwọn olórin alárìnkiri kan wọ ìlú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ta okùn mọ́ igi ìgbálẹ̀, ó ń fi ṣeré. Ọmọ délé, igi ìgbálẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bàbá bá wá akèrègbè kan, ó ta okùn kan ṣoṣo sí i, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Orí ẹ̀ lọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ okùn mú. Ìgbà tó di ọmọ ọdún 11 ló tó gbọ́ ṣẹ́lò gidi, nígbà tí olùkọ́ kan láti Barcelona, Josep García, wá ṣeré nílùú wọn. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé èyí lòun fẹ́.

Ibi tí mò ń lọ nìyí: nígbà tó di olókìkí tán, tí àwọn ọba ń ránṣẹ́ pè é, ó ní òun ò ní ṣeré mọ́ ní orílẹ̀-èdè yòówù tó bá gba ìjọba Franco, ọ̀gágun tó fi ogun gba Sípéènì, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ibẹ̀. Ó sì di ọ̀rọ̀ náà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé ó tọ́? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn yín.

Ọmọ_Onígbá_Ọ̀yọ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Akèrègbè yẹn ló dá mi dúró. Igbá fínfín ni mò ń ṣe ní Ọ̀yọ́ níbí, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Kì í ṣe gbogbo akèrègbè ló ń dún o. Èyí tí wọ́n bá já kó tó gbó lórí ìtàkùn, bó bá gbẹ, ara rẹ̀ á hunjọ. Ẹ kàn án, ohùn kankan ò ní jáde. Èyí tí ara rẹ̀ nípọn, ọ̀bẹ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn á há sínú ẹ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́, tó gbẹ dáadáa, ẹ fi èékánná ta á, ẹni tó wà níyàrá kejì á gbọ́. Irú ẹ̀ la kì í fẹ́ fín, torí ó tètè ń sán. Bí bàbá ọmọ yẹn bá rí akèrègbè tó dún, tó sì gbé okùn láìsán, a jẹ́ pé ó mọ igbá yàn.

Ẹ má sì sọ ọ́ bí nǹkan àjèjì. Gòjé tí àwọn onísákárà ń ta, igbá ni ikùn rẹ̀, awọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, okùn kan, ọ̀pá onírun ẹṣin. Ẹ lọ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Yusuf Olatunji, ẹ ó gbọ́ bí gòjé ṣe ń dá a lóhùn. Ká ní onígòjé kan ló wọ El Vendrell lọ́dún yẹn ni, ta ni ì bá tún wo onígi ìgbálẹ̀?

LAUTECH_Bọ́bọ̀ kọ:

Ìbéèrè kékeré ni tèmi. Ṣé owó wà nínú ẹ̀? Mò ń bi yín torí bàbá mi ti sọ pé bí mo bá tún gbé gìtá wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ìta ni èmi àti gìtá máa sùn.

Onídùùrù_Takié fèsì:

Bọ́bọ̀, owó wà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Bàbá Casals náà ò fẹ́. Onídùùrù ni o, ó sì mọ̀ pé orin kì í bọ́ ilé. Iṣẹ́ káfíńtà ló fẹ́ fi ọmọ sí. Ìyá rẹ̀ ló ta kú. Ó mú ọmọ lọ sí Barcelona, ó fi í sílé ẹ̀kọ́ orin ìlú náà. Láti rí owó jẹun, ọmọ ń ṣeré lálẹ́ ní ilé kọfí kan tí wọ́n ń pè ní Café Tost. Ibẹ̀ ni Isaac Albéniz, ògbóǹtarìgì onípíánò, ti gbọ́ ọ, tó sì fún un ní lẹ́tà sí ẹni ńlá kan ní Madrid. Lẹ́tà yẹn ló gbé e dé iwájú Ọbabìnrin María Cristina, tí ààfin fi ń fún un lówó oṣù.

Wọ́n ní kó lọ kàwé sí i ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ó débẹ̀, olùkọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ jókòó, ó ta ṣẹ́lò, kíláàsì dákẹ́. Olùkọ́ wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ó ní rárá, ó gbéra lọ sí Párísì. Ààfin ní bí kò bá sí ní Brussels, owó ò ní wá mọ́. Ìgbà yẹn ni ìyà jẹ wọ́n gan-an. Ìyá ń ránṣọ, ọmọ ń ṣeré nílé ijó títí àìsàn fi dá a dúbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ wọlé, irun orí rẹ̀ tó gùn ti dínkù. Ó ti gé e tà.

Nígbà tó máa fi di 1899, ó ti ṣeré fún Ọbabìnrin Victoria ní Osborne House ní Ìlú Ọba. Ní 1904 ó ṣeré fún Ààrẹ Theodore Roosevelt ní White House. Nítorí náà, Bọ́bọ̀, sọ fún bàbá ẹ pé owó wà.

Ìyá_Ìbejì_Sábó kọ:

Ẹ dúró ná. Irun orí rẹ̀? Ẹ ti dárúkọ olùkọ́, ẹ ti dárúkọ onípíánò, ẹ ti dárúkọ ọbabìnrin méjì. Ẹni tó gé irun, kí lorúkọ tirẹ̀?

Onídùùrù_Takié fèsì:

Pilar Defilló, mà. Mayagüez ní erékùṣù Puerto Rico ni wọ́n ti bí i, ó wá bá àwọn ẹbí rẹ̀ dé Catalonia. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Casals sọ nípa rẹ̀ tí ẹ máa fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ìjọba pe àbúrò Casals, Enric, sí iṣẹ́ ológun, ìyá yìí sọ fún un pé kò yẹ kó pa ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pa á, torí náà kó máa lọ. Enric fi ìlú sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Sábó kọ:

Ẹ ṣé. A ti wá mọ ibi tí ọmọ ti rí orí líle. Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ.

Ṣẹ́lò_UnderG kọ:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọmọbìnrin tó ń ta ṣẹ́lò ni mí, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ ná kí ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó gbà á kanlẹ̀.

Kí Casals tó dé, wọ́n ń kọ́ ọmọ láti fún ìgúnpá ọ̀tún mọ́ ìhà. Ìwé ni wọ́n ń há sí i lábíyá, kò sì gbọdọ̀ jábọ́. Ẹ dìde níbi tí ẹ wà, ẹ há ìwé sábíyá, kí ẹ wá fi ọwọ́ yẹn ṣe bí ẹni ń rẹ́ pákó. Ẹ ó rí i pé láti ọrùn ọwọ́ nìkan ni agbára ti ń wá, èjìká ò ṣe nǹkan kan. Casals ju ìwé yẹn nù. Ó jẹ́ kí gbogbo apá máa bá ọ̀pá rìn, ohùn wá jáde. Ti ọwọ́ òsì náà: àwọn yòókù ń gbé odidi ọwọ́ sókè sódò lórí okùn, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń fì láàárín ohùn méjì. Òun a na ìka, a sì dé ibẹ̀ láì gbé ọwọ́. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lónìí nìyẹn, tí a ò tiẹ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Bach, ọmọ Jámánì tó kọ orin láyé àtijọ́. Ní 1890, ọmọ ọdún 13 ni, òun àti bàbá rẹ̀ wọ ìsọ̀ ìwé orin àlòkù kan nítòsí èbúté Barcelona, wọ́n ń wá ohun tí yóò máa ta ní ilé kọfí. Nínú òkìtì ìwé ló ti rí orin mẹ́fà tí Johann Sebastian Bach kọ fún ṣẹ́lò nìkan, láìsí dùùrù, láìsí ẹnikẹ́ni tó ń tì í lẹ́yìn. Ó ti tó nǹkan bí 170 ọdún tí Bach ti kọ wọ́n. Ìwé tí Bach fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti sọnù. Èyí tí ìyàwó rẹ̀, Anna Magdalena, dà kọ ló wà. Àwọn olùkọ́ mọ̀ pé orin náà wà, ṣùgbọ́n ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń na ìka ni wọ́n kà á sí. Nǹkan bí ọdún 12 ni Casals fi kọ́ wọn nínú yàrá kó tó gbójúgbóyà ta odidi ọ̀kan níwájú èrò. Láàárín 1936 sí 1939 ló ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Bọ́bọ̀, ṣé o gbọ́? Ọdún 12. Ìwọ tó fi orin mẹ́ta ṣe àṣeyẹ lóṣù tó o ra gìtá.

LAUTECH_Bọ́bọ̀ kọ:

Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Ṣé àwọn èèyàn wa kankan ń ta nǹkan yìí?

Ṣẹ́lò_UnderG fèsì:

Wọ́n wà. Lọ wá Tunde Jegede gbọ́. Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Emmanuel Taiwo Jegede, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Èkìtì, ni bàbá rẹ̀. Ó ń ta ṣẹ́lò, ó sì ń ta kora, háàpù àwọn gríò, ìyẹn àwọn arọ́kin, Gambia àti Mali. Sheku Kanneh-Mason náà wà, tí ìyá rẹ̀ wá láti Sàró. Òun ló ṣeré níbi ìgbéyàwó Ọmọọba Harry ní Windsor ní 2018.

Tíṣà_Àgbà kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. St Andrew's níhìn-ín ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn CMS dá sílẹ̀ ní 1896, sólfà sì mọ́ wa lára. Nítorí náà ẹ má rò pé orin ni mò ń bá jà. Ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ bi léèrè.

Bí tíṣà bá bínú sí ìjọba, ṣé kó má kọ́ ọmọ mọ́? Ta ló jìyà ẹ̀? Franco ò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ta ṣẹ́lò fún òun. Ó jókòó sórí oyè títí ó fi kú ní 1975, ọdún méjì lẹ́yìn tí Casals ti kú. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ti ń tò sórí ìlà ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ló pàdánù.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní 1901, nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Tamalpais lẹ́bàá San Francisco, òkúta yí lù ú, ó fọ́ ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òun ò tún ní ta ṣẹ́lò mọ́. Ẹ̀rù ojú èrò ń bà á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá ibi ìsinmi láti 1901, bí ó bá rí ìdí tó dára láti dákẹ́ ní 1945, ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó.

Onídùùrù_Takié fèsì:

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo gbà pé ẹ̀rù ń bà á. Kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìsinmi kì í ṣe ohun tó ṣe.

Kí ogun abẹ́lé Sípéènì tó dé, ó ti dá ẹgbẹ́ olórin ńlá kan sílẹ̀ ní Barcelona, owó àpò rẹ̀ ló sì fi ń gbé e ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tún ṣètò àwọn eré tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lè fi owó táṣẹ́rẹ́ wọ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1936, wọ́n ń dán Orin Kẹsàn-án ti Beethoven wò, torí pé ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣe é níta gbangba. Iṣẹ́ dé pé àwọn ológun ti dìtẹ̀, kí kálukú máa lọ sílé. Casals yíjú sí àwọn olórin àti akọrin, ó bi wọ́n bóyá kí wọ́n tú ká ni àbí kí wọ́n parí ẹ̀ pọ̀ ná, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún rí ara wọn. Wọ́n ní àwọn á parí ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ dé òpin, níbi tí ọ̀rọ̀ orin ti ń sọ pé gbogbo ọmọ aráyé á di ìyekan, kí wọ́n tó jáde bọ́ sí ìgboro.

Nígbà tí Franco borí ní 1939, Casals ti wà ní Faransé, ní Prades, ìlú kékeré kan tí òkè ló là á pẹ̀lú Catalonia. Àwọn ogunléndé tó sá tẹ̀lé e pọ̀, àgọ́ ni ìjọba Faransé kó wọn sí. Casals ń kó oúnjẹ àti aṣọ lọ fún wọn, ó ń kọ lẹ́tà káàkiri ayé láti tọrọ owó. Àwọn ọ̀gá ológun Jámánì wá sílé rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba Faransé, wọ́n ní kó wá ṣeré ní Bẹ̀líìnì. Ó kọ̀. Ẹ rò ó wò, Bàbá: arúgbó tó lé ní 60 ọdún, nínú otútù, àwọn ọmọ ogun Hitler dúró ní pálọ̀ rẹ̀, ó ní òun ò lọ.

Ní 1945 tí ogun parí, ó lọ sí Ìlú Ọba, ó ṣeré, èrò ya bò ó. Ohun tó rò ni pé Franco ló kàn. Ó wá rí i pé àwọn ìjọba tó ṣẹ́gun Hitler ò ní ṣe nǹkan kan sí i. Oxford àti Cambridge fẹ́ fún un ní oyè, kò gbà. Ó padà sí Prades.

Ọmọ_Àyàn kọ:

Èmi ọmọ onílù ni mí, ní Ọ̀yọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa wé e díẹ̀. Ìlù kòso ni wọ́n fi ń jí Aláàfin lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí onílù bá dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ rò pé ààfin nìkan ni yóò mọ̀? Gbogbo àdúgbò ni yóò máa bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Tíṣà, ẹ ní ta ló jìyà ẹ̀. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló jìyà ẹ̀, lóòótọ́, òun ló sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba wọn ló ń bá Franco bọwọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n máa bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Tíṣà_Àgbà fèsì:

Ọmọ Àyàn, o sọ̀rọ̀ bí ọmọ onílù. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó dákẹ́ dé òpin. Amẹ́ríkà bá Franco tọwọ́ bọ̀wé ní 1953, wọ́n fi gba ibùdó ọmọ ogun ní Sípéènì. Láàárín ọdún mélòó kan, Casals ti kó lọ sí Puerto Rico. Abẹ́ àsíá ta ni Puerto Rico wà? Lọ́jọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1961, ó gbé ṣẹ́lò lọ sí White House, ó ṣeré fún Ààrẹ Kennedy. Kennedy ò já ìwé yẹn ya o. Níbo ni òfin rẹ̀ wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

LAUTECH_Bọ́bọ̀ kọ:

Tíṣà ti gbá a wọlé 😂

Onídùùrù_Takié fèsì:

Mi ò ní sọ pé kò sí ìtakora níbẹ̀, Bàbá. Puerto Rico ni ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ìyá tí Ìyá Ìbejì béèrè orúkọ rẹ̀ lókè yẹn. Ní ti Kennedy, Casals ní ìrètí nínú rẹ̀ pé ó lè yí nǹkan padà, ó sì kọ ọ́ sí i nínú lẹ́tà. Alice, ọmọ Roosevelt, wà níjòókòó lálẹ́ yẹn. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí Casals ṣeré fún bàbá rẹ̀ ní 1904.

Ṣẹ́lò_UnderG kọ:

Ẹ fọ̀rọ̀ jì mí, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mo rò pé ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń wò ó kọ́ ló wà. Ẹ ń sọ pé ó dákẹ́. Kò dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Láràárọ̀, fún nǹkan bí 80 ọdún, ó máa ń jókòó sídìí píánò, á ta Bach kó tó ṣe nǹkan mìíràn. Ní Prades, ó ń kọ́ ọmọ, ó ń kọ orin. Nígbà tí aráyé ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde wá, tí kò gbà, Alexander Schneider tó jẹ́ onífáyólìn ní ó dáa, bí o kò bá wá bá wa, àwa á wá bá ọ. Ní 1950, ọdún tó pé 200 ọdún tí Bach kú, àwọn olórin láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó ara wọn lọ sí Prades, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Pierre. Ilẹ̀ Faransé nìyẹn o, bẹ́ẹ̀ ni Faransé náà ní àṣepọ̀ pẹ̀lú Franco.

Ohun tó kọ̀ ni pé kí wọ́n fi òun ṣe ọ̀ṣọ́. Kí òun máa jókòó lórí pèpéle ńlá, kí àwọn mínísítà wọ kóòtù wá jókòó sọ́wọ́ iwájú, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n sì lọ bá Franco ṣòwò lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá gun òkè wá bá a, á ta fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó àti káàdì ìpè gbé e kiri ni kò dá lóhùn. Mo fara mọ́ èyí. Ti White House ò dùn mọ́ mi, mi ò sì ní wá àwáwí fún un.

Ọmọ_Onígbá_Ọ̀yọ́ kọ:

Àǹtí Ṣẹ́lò, o ṣeun. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Tíṣà_Àgbà kọ:

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mi ò tíì gbà, ṣùgbọ́n o sọ ọ́ dáadáa ju onídùùrù lọ.

LAUTECH_Bọ́bọ̀ kọ:

Ẹ̀yin ará, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé ẹni 80 ọdún ni nígbà tó fẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1957. Ṣé ohun tí ṣẹ́lò máa ń fún èèyàn nìyẹn? Mo ti ṣetán láti ju gìtá nù.

Ìyá_Ìbejì_Sábó fèsì:

Ìwọ ọmọ yìí, ìyá ẹ ń pè ẹ́.

Onídùùrù_Takié fèsì:

Marta Montañez lorúkọ rẹ̀, ọmọ Puerto Rico, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń ta ṣẹ́lò. Ìgboro pariwo lóòótọ́. Ọkàn bàbá náà ti kọṣẹ́ lọ́dún yẹn, nígbà tó ń dán orin wò fún àjọ̀dún tó dá sílẹ̀ ní San Juan. Marta tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 16 lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Kí n parí ìtàn náà fún ẹni tó bá béèrè. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1971, ẹni 94 ọdún ni, ó wà ní gbọ̀ngàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Wọ́n kọ orin tó ṣe fún àjọ náà, akéwì W. H. Auden ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ó gbé ṣẹ́lò, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ta á níta gbangba, ó ta Orin Àwọn Ẹyẹ, orin Kérésìmesì kan tí àwọn Catalonia ti ń kọ látijọ́. Ó máa ń fi í parí eré rẹ̀ láti ìgbà tó ti sá kúrò nílé. Fọ́nrán rẹ̀ wà lórí YouTube. Ẹ wò ó kó tó gbé ọ̀pá lé okùn, kí ẹ wá wò ó lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ló kú ní San Juan. Kò fojú kan òpin Franco. Ní 1979 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí El Vendrell.

Ọmọ_Àyàn kọ:

Ọdún mẹ́fà nílẹ̀ àjèjì kí ara tó padà sílé. Ó dáa, ó dé ná.

Ìyá_Ìbejì_Sábó kọ:

Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ ọjà ni mo bá wá báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, obìnrin, ọdún mẹ́sàn-án, ẹnìkan fi ṣẹ́lò àlòkù ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun. Ó ti wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan là. Káfíńtà ní òun á fi gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà lẹ̀ ẹ́. Ṣẹ́lò_UnderG, jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ṣẹ́lò_UnderG fèsì:

Mà, ẹ dá káfíńtà dúró lónìí! Bó bá jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ igi méjì pọ̀ ló là, nǹkan kan ò tíì bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ṣẹ́lò, awọ màlúù ni wọ́n ń sè fi ṣe é, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè yẹ̀. Bí ọyẹ́ bá gbẹ igi tó súnkì, gọ́ọ̀mù á jánu kí igi má baà sán. Bí wọ́n bá wá fi gọ́ọ̀mù oníbàtà dè é pa, nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀, ojú ṣẹ́lò fúnra rẹ̀ ló máa là, ìyẹn ò sì láwòtán. Èmi ti rí èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ibi tí wọ́n lẹ̀ dúró gbọn-in, iwájú rẹ̀ pín sí méjì.

Ẹ má tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà o. Igi róbótó kan dúró nínú ikùn rẹ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, kò sí gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ rárá, bí okùn ṣe ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀ ló mú un dúró. Òun ló ń gbé ohùn kọjá. Bí okùn bá dẹ̀ tán, á ṣubú, ẹ ó wá máa gbọ́ ọ tó ń yí gbirigbiri nínú. Ẹ dẹ̀ wọ́n díẹ̀ díẹ̀, kí okùn má fa ibi tó là. Ẹ rẹ kànìnkànìn sómi, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi í sínú ike tí ẹ dá ihò sí, kí ẹ gbé e sínú àpótí rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan igi. Ẹ má fi í sábẹ́ páànù lọ́sàn-án, ẹ má sì fi í sẹ́yìn mọ́tò.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kí odidi ṣẹ́lò tóbi jù fún un. Wọ́n máa ń ṣe onídàajì fún irú wọn. Ẹ gbé e wá ká wò ó ná.

Ìyá_Ìbejì_Sábó kọ:

Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ọjọ́ wo?

LAUTECH_Bọ́bọ̀ kọ:

Èmi náà fẹ́ wá o. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ṣẹ́lò_UnderG fèsì:

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mà, ẹ kọ sí mi níkọ̀kọ̀, màá sọ ibi tí ẹ ó gbà. Kí ọmọ náà wọ síkẹ́ẹ̀tì tó gbòòrò tàbí ṣòkòtò, torí bí a ṣe máa ń jókòó. Bọ́bọ̀, bí o bá ń bọ̀, gé èékánná ọwọ́ òsì, má sì fi ìka kan irun ọ̀pá mi. Òróró ọwọ́ máa ń bà á jẹ́.